Oògùn Tó Yọ́ Lórí Ahọ́n Ìyá Rẹ

Vibha ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Patna kò ní gbé ọ mì, ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ ló máa gbé ọ bọ̀. Kí àyà rẹ má já o: ìyá rẹ ń bẹ láàyè, ó ń lọ ata lẹ́yìn mi níbí, ó sì ń bú mi pé mo ń fi íǹkì ba ẹní jẹ́. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, abo méjì. Atẹ́gùn ti ká páànù ibi tí mò ń sá gbòǹgbò sí.

Oògùn tí ẹ ṣe níléèwé yín ti dé ọwọ́ wa. Mo ti sọ fún gbogbo abúlé pé gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ tí èmi bàbá rẹ ń wà tà, tí mo fi rán ọ níléèwé, òun náà ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wá sọ di oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà, àmọ́ èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Vibha, ta ló ń ṣe oògùn bí awọ àlùbọ́sà? Mo ya ọ̀rá ọ̀kan, ohun tó wà nínú rẹ̀ rí roboto, ó fẹ́lẹ́, bí àmì tí àwọn obìnrin ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí gẹ́lẹ́. Mo ní ọmọ mi gbọ́n, orí ló ń fọ́ ìyá rẹ̀, orí náà ló ní ká lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ nídìí ààrò, ó làágùn, oògùn yọ́, ó gba imú ṣàn wọ ẹnu rẹ̀, ó ní ó korò.

Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́. Mo gbé ọ̀kan súnmọ́ fóònù kí o lè rí i dáadáa, mo gbàgbé pé fóònù mi kò lójú. Lo bá rẹ́rìn-ín, o ní orí ahọ́n ni, kò fẹ́ omi rárá.

Kò fẹ́ omi. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró sí mi lọ́kàn, torí Teej ti ń bọ̀, ọjọ́ tí àwọn aya ń gbààwẹ̀ láìjẹ láìmu nítorí ẹ̀mí ọkọ wọn. O rántí tèṣí, tí ìyá rẹ kọ oògùn oníhóró torí kò fẹ́ mumi, tó ṣubú lulẹ̀ níwájú ère òrìṣà Shiva, tí a fi bẹ́ẹ̀dì onípàǹkẹ́rẹ́ gbé e dé títì. Lọ́dún yìí, ilẹ̀ Teej mọ́, ìyá rẹ ti ń di orí mú. Mo gbé oògùn dé, ó yíjú kúrò.

Ó ní, "Bàbá Vibha, ohunkóhun tó bá wọ ẹnu mi lónìí, ẹ̀mí yín ni mo jẹ."

Mo sáré lọ bá àlùfáà. Ó ní kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe omi, ṣùgbọ́n òun kò ní dá sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ààwẹ̀ rẹ̀. Mo padà wá bi ìyá rẹ pé ẹ̀mí tó ń gbààwẹ̀ fún, ta ló ni ín? Ṣebí èmi ni? Èmi tí mo ni ín ní kó lá a. Ó ní ẹni tó ni nǹkan kì í mọ iyì rẹ̀.

Ni mo bá sọ pé, "Ó dáa. Èmi náà kò ní fẹnu kan omi títí dọ̀la. Ààwẹ̀ méjì lórí ẹ̀mí kan. Bí tìrẹ bá jò, tèmi á gbé e."

Ó lanu. Mo fi í sórí ahọ́n rẹ̀, kí n tó mí, ó ti yọ́, omi kò bá a lọ.

Nírọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì so rọ́bà mọ́ ìyá rẹ lápá, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ga bíi ti tèṣí rárá. Ó wá bi mí pé kí ló ṣe èmi, torí mo ti nà gbalaja, ètè mi gbẹ bí ewé tábà. Ìyá rẹ tí kò tíì mumi ló ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi. Vibha, ààwẹ̀ obìnrin kì í ṣe nǹkan kékeré o. Nígbà tílẹ̀ mọ́, èmi ló kọ́kọ́ bu omi fún, ó ní ṣé kí òun ra ẹ̀gbà ọwọ́ fún mi, kí n máa bá àwọn obìnrin lọ síbi Teej. Títí di òní ni wọ́n ń fi mí ṣẹ̀rín ní ìsọ̀ tíì. Kò dùn mí.

Fi èyí tó pọ̀ ránṣẹ́ kí Teej tó tún dé, àwọn obìnrin abúlé ti ń tò sẹ́nu-ọ̀nà mi. Fi owó páànù sí i. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé bó bá fẹ́ gbòǹgbò, kó wá bá mi dúnàá-dúrà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìwọ tó máa ń ṣàánú èèyàn.

Kí Shiva àti Parvati aya rẹ̀ fún ọ ní ọkọ tí òùngbẹ á gbẹ nítorí rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, Ramsevak, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé omi dùn.