Ata Nìkan Ló Kù Lẹ́nu Bàbá Rẹ

Zenaida ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú ìfaradà àwọn ènìyàn tó ń gbé lórí ara wọn nínú ilé gogoro. Ìyá Mímọ́ wa Soledad, tó ń ṣọ́ àwọn tó dá wà, kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ pa dé mọ́ ọ nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí ẹ ń wọ̀ níbẹ̀. Bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wọ̀ ọ́, máa fọwọ́ kan ògiri, kí o sì máa rántí pé alààyè ni ọ́.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé fóònù tí o rà fún mi kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Lọ́jọ́ tí mo ní kí o sọ bí ẹ ṣe ń ṣe ọtí aláta yẹn fún mi, o fi ohùn rẹ ránṣẹ́, mo kí ọ, mo bi ọ́ léèrè ara rẹ, o ò dáhùn, o kàn ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo ní kí o dúró kí n mú ọ̀bẹ, o ò dúró. Inú bí mi díẹ̀. Ọmọ Tomasa aládùúgbò wa ló wá ṣàlàyé pé ohùn nìkan ló wá, pé ìwọ fúnra rẹ kò sí nínú ẹ̀. Àlàyé yẹn kò tù mí nínú rárá.

Nípa ilé, òjò kò tíì rọ̀ ní San Onofre, eruku ló bo gbogbo maguey tí bàbá rẹ fi ń pọntí lórí òkè, Tomasa kí ọ, ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ bímọ ṣùgbọ́n ó jẹ wọ́n. Bàbá rẹ kò kí ọ, o mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Ibà tó dá a dúbúlẹ̀ nígbà òjò tó kọjá lọ, mo sọ fún ọ pé ó ti lọ. Irọ́ kọ́, ó lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kó imú àti ẹnu bàbá rẹ lọ pẹ̀lú. Kò gbóòórùn nǹkan kan mọ́, kò mọ adùn, kò mọ ìkorò. Mo se ọbẹ̀ dúdú tí à ń se níbi ìgbéyàwó, mo lọ gbogbo èèlò rẹ̀ lórí ọlọ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, ó jẹ ẹ́ tán, ó wá bi mí bóyá ẹ̀wà ni. Mo lọ jókòó sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú àwọn tòlótòló fún ìgbà díẹ̀.

Kí ẹnu ọkùnrin kú kì í ṣe nǹkan tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́, àgàgà ẹnu Fidencio bàbá rẹ, tí àwọn apọntí ń ti ẹ̀yìn òkè wá pé kó bá àwọn gbóòórùn ọtí àwọn wò. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó da maguey sínú kòtò iná, ó sun ún, ó pọntí bí ó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ó ní ó dára. Oníbàárà rẹ̀ wá láti ìlú Oaxaca, ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó tẹrí ba, ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó tu ú síbẹ̀ jẹ́jẹ́, ó bọ bàbá rẹ lọ́wọ́, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Bí ó bá bú u ni, ìbá sàn. Láti ọjọ́ náà kò sí iná ní ilé ìpọntí, aláǹtakùn ti ta sẹ́nu ìkòkò bàbà.

Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lójú títì. Wọ́n fún wa ní ìwé kan kí a kọ orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀ sí i. Mo fẹ́ kọ apọntí, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n kọ pé òun ò níṣẹ́. Mo kọ aláìsàn. Mo rò pé iṣẹ́ kúkú ni ìyẹn náà, àárọ̀ dalẹ́ ló fi ń ṣe é. Dókítà ní iṣan kan nínú imú ló kú, pé ó lè jí, ó sì lè máà jí. Mo bi í pé irú àdúrà wo ni à ń gbà fún iṣan. Ó ní kí ó máa mu omi púpọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni bàbá rẹ ṣèèṣì rún ata gbígbẹ nínú oúnjẹ, ó sì dúró. Ó fọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó ní, Eufrosina, nǹkan kan ta mí. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọtí aláta oníyìnyín tí ẹ̀ ń ṣe ní ilé ọtí tí o ti ń ṣiṣẹ́. O mọ ohun tí bàbá rẹ sọ nígbà tí o kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ fún wa, pé yìnyín wà fún òkú àti ẹja, pé ẹni tó bá da ata sínú mezcal, irú ọtí tí òun ń pọn, ó ní ohun tó ń fi pa mọ́. O sì mọ ohun tó sọ ṣáájú ìyẹn, nígbà tí o ní kó kọ́ ọ níṣẹ́, tó ní ọwọ́ obìnrin ń ba ìkòkò jẹ́. Mi ò tún ní ṣí egbò yẹn. Mo kàn fẹ́ kí nǹkan wọ ẹnu rẹ̀ ni.

Mo ṣe bí o ṣe wí. Mo la ata pupa gígùn tí a fi èéfín gbẹ, mo gbọn èso inú rẹ̀ dànù, mo rẹ ẹ́ sínú ọtí, mo dé e. O ní kí n máa tọ́ ọ wò lójoojúmọ́ títí yóò fi tó. Mo tọ́ ọ wò. Mi ò mọ bí ó ṣe ń tó, torí náà mo tún tọ́ ọ wò. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àlùfáà ń wàásù lọ́wọ́ ni mo dìde tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, Tomasa ló fa aṣọ mi kí n jókòó. Ilé ni mo dé tí mo yọ ata náà kúrò.

Fíríìjì wa kò lè sọ omi di yìnyín mọ́, iná tó ń wá kò lágbára, torí náà mo ra yìnyín lọ́wọ́ ẹni tó ń ta áìsì-kirimu, mo fi aṣọ wé e, mo fi òkúta fọ́ ọ. Mo kó o sínú bùlẹ́ńdà tí o fi ránṣẹ́, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo fi oyin sí i, mo da ọtí ata lé e, mo ṣe àmì àgbélébùú, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà figbe ta bí ẹni tí wọ́n ń pa. Àwọn tòlótòló sá wọgbó, ọ̀kan kò tíì padà. Ṣùgbọ́n ó ki bí ògì tí o ní kó ki, ó sì tutù tó fi ń dun eyín. Mo fi iyọ̀ pa ẹnu ife, mo gbé e fún bàbá rẹ, mi ò sọ ohun tó jẹ́.

Ó mu ún. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, omi jáde lójú rẹ̀, ó sì tún mu ún. Ó ní ó ta òun, ó ní ó tutù, ó ní yàtọ̀ sí ata òun kò mọ nǹkan mìíràn lẹ́nu. Mo rò pé inú rẹ̀ dùn, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, ohun tó kù fún mi nìyí, pé kí nǹkan máa ta mí lẹ́nu lásán. Lójoojúmọ́ báyìí ló ń béèrè fún un, á sì mu ún tán.

Nígbà tó yá ó bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní ìwọ ni. Ó gbé ife kalẹ̀. Ó wá ní kí n gbé ohùn náà wá kí òun gbọ́. O rántí ibi tí o ti sọ pé bí ata bá bo òórùn èéfín àti òórùn ilẹ̀ tútù tó wà nísàlẹ̀ ọtí, kí n dà á nù kí n tún un ṣe, torí pé ọtí náà ni ọba, ata kàn wá kí i ni? Ibẹ̀ ló ní kí n padà sí. Ó ní kí n tún padà sí i. Ó bi mí pé ta ló kọ́ ọ nìyẹn. Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó ń gbọ́ ọ títí iná fóònù fi tán, ó sì di ẹ̀rọ náà mú síbẹ̀, ó ń wò ó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé àdá, ó lọ gé maguey. Ó ti pọntí báyìí, díẹ̀ ni. Ó ń fi ojú wo ìfófòó rẹ̀ nínú igbá láti mọ bó ṣe le tó, ìyẹn ṣì yé e, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kò yé e. Crescencio ọkọ Tomasa wá, ó ní òun á bá a tọ́ ọ wò, òun náà kúkú jẹ́ apọntí. Bàbá rẹ ní kò wu òun. Crescencio bínú lọ.

Nípa owó, ọmọ mi, jọ̀wọ́ má fi í sí báńkì mọ́. Báńkì kọ ọ̀rọ̀ sí fóònù pé nọ́ńbà kan rèé, kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo dé ọ̀hún, ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì ní kí n sọ nọ́ńbà náà. Mo ní mi ò lè sọ. Ó ní báńkì ni òun. Mo ní báńkì gan-an ló kìlọ̀ fún mi. A wo ara wa títí, mo sì gba ilé lọ. Mo rò pé wọ́n ń dán mi wò ni, bá mi wádìí bóyá mo yege. Fún Eleuterio awakọ̀ lówó díẹ̀ kó mú un bọ̀, fún yìnyín, àti fún oògùn ikùn mi, torí ata yẹn kò mọ̀ pé èmi kọ́ ni mò ń ṣàìsàn.

Ìgò tí Eleuterio yóò gbé fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, bàbá rẹ ló fi ẹ̀wù rẹ̀ wé e. Ọtí tuntun náà ni. Ó ní kí o má fi ata sí i, kí o má fi yìnyín sí i, kí o fi í sẹ́nu bẹ́ẹ̀, kí o sì sọ òótọ́. Bí kò bá dára, ó ní òun á di kòtò iná náà pa, kí a fi maguey sílẹ̀ láìgé, kó máa yọ òdòdó fún àdán láti lá. Mo bi í pé bó bá dára ńkọ́. Ó lọ gbá ilé ìpọntí, ó tú aláǹtakùn kúrò, ó wá gbé àpótí ìjókòó mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ nídìí ìkòkò. Mi ò mọ ẹni tó gbé e kalẹ̀ fún, èmi kì í jókòó níbẹ̀.

Ọlọ́run yóò pa ẹnu àti imú rẹ mọ́ fún ọ. Ibi tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ yóò gbà ọ́. Màmá ń retí ohùn rẹ, ìwọ fúnra rẹ sì ni kó o wà nínú ẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Eufrosina