Ẹ̀wù Tí Ẹ Rán Sí Mi

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́ máṣíìnì o. Àlàáfíà ni mo wà, àfi pé láti àárọ̀ ni mo ti ń jókòó, tí mo tún ń dìde.

Ẹ tún bi mí lórí fóònù pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Purotéènì kan wà lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ gbogbo wa, òun ni mò ń fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò lójoojúmọ́. Kì í ṣe ọ̀tá, ó níṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Ara a máa gé e bí ẹ ṣe ń gé aṣọ. Bí wọ́n bá gé e níbi tí kò yẹ, ìgékù rẹ̀ á máa ṣù jọ, bí èyí tó ń há sábẹ́ máṣíìnì yín. Àwọn ọ̀gá mi fura pé ibẹ̀ ni àìsàn tó ń rá àgbà níyè ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó kó yín láyà sókè.

Ẹ̀wù tí ẹ rán sí mi ti dé. Ó gún régé! Kò kàn gba orí mi wọlé ni. Èmi ni mo jẹun jù. Ó bá ọmọ inú fọ́tò ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ iléèwé mu wẹ́kú.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ta ló kọ ọ́, kí wọ́n ní ọmọ yín ni, èyí tó ti dàgbà.