Máàkì Méjì Tí Ayùn Jẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ lọ, á máa ṣọ́ ẹ bọ̀, ẹsẹ̀ ẹ ò ní í gbé ẹ débi tí kò dáa. Ìyá ẹ ní kí n kí ẹ, orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀. Ó ní o sọ fún òun pé àga tó ò ń jókòó lé ní ọ́fíìsì ní táyà. Èmi tí mo ti ń kan àga láti ogójì ọdún, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Jọ̀wọ́, máa fẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀ dáadáa, kó má lọ gbé ẹ jáde sí títì níbi tó o ti ń ṣiṣẹ́ ẹ jẹ́jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ tó o gbé sọ́dọ̀ wa lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo fẹ́ sọ. Èsì ìdánwò ìjọba ti dé. O ti sọ fún ìyá ẹ lórí fóònù pé bí kò bá gba àádọ́ta nínú ìwé kíkà àti nínú ìṣirò, Sátidé yìí lo máa wá kó ẹrù ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ. Ó dáa. Kò gbà á. Ìṣirò, méjìdínláàádọ́ta. Ìwé kíkà, mọ́kànlélógójì. Mo tètè sọ ọ́ kó o lè tètè bínú tán, kó o wá gbọ́ tèmi.

Ọ̀gá ilé-ìwé wọn pe àwa òbí jọ lọ́jọ́rú, ó fún wa níwèé kan tí wọ́n ya òpó mẹ́ta sí láti fi máàkì àwọn ọmọ hàn, ọ̀kan fún ilé-ìwé wa, ọ̀kan fún àwọn ilé-ìwé tó yí wa ká, ọ̀kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Tiwa ló kúrú jù. Mo wò ó títí, mo nawọ́, mo ní ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú, bí ẹsẹ̀ àpótí ò bá dọ́gba, àwọn tó gùn yẹn ni kẹ́ ẹ gé. Ọ̀gá ní ẹ ṣeun, Bàbá Káfíńtà, ẹ jókòó. Mo mọ̀ pé wọ́n á ti kọ̀wé sí ìjọba báyìí.

Wọ́n wá mú ìwé ìdánwò ọmọ ẹ fún mi. Ẹ̀rọ ló ń máàkì ẹ̀ o, kì í ṣe èèyàn. Wọ́n béèrè pé pákó kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, pákó ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́ta mélòó lèèyàn máa rí gé nínú ẹ̀? Ọmọ ẹ ní mẹ́ta. Ẹ̀rọ ní mẹ́rin. Háà! Ẹ̀rọ tí ò gbé ayùn rí láyé ẹ̀! Ṣebí ayùn máa jẹ nínú pákó ni? Ìyẹ̀fun tó máa ń bọ́ sílẹ̀ yẹn, ibo ló ti wá? Èyí tó bá gbẹ̀yìn ò lè pé ẹsẹ̀ mẹ́ta láéláé. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ru pákó lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá, mo gé e níwájú ẹ̀, ìyẹ̀fun bo gbogbo fáìlì ẹ̀, mo sì bá a fi fìlà mi nù ún. A wọn èyí tó gbẹ̀yìn, ó dín. Mo ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ yẹn jáde kó wá fojú ara ẹ̀ rí i. Ọ̀gá ní olú-ìlú ló wà. Mo ní mo lè dúró. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní máàkì ò ṣeé dá padà. Máàkì méjì ni ìbéèrè yẹn gbé. Ìwọ náà ṣírò ẹ̀.

Ti ìwé kíkà ló dùn mí jù, torí èmi ni mo jẹ̀bi. Ìtàn mẹ́fà ni wọ́n ní kí wọ́n kà. Ọmọ ẹ ò tíì parí ẹ̀kẹta tí agogo fi lù, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìbéèrè tó dáhùn ló gbà. Mo bi í pé àbí ó sùn ni. Ó ní rárá, ẹ̀ẹ̀mejì lòun ka ìtàn kọ̀ọ̀kan. Mo ní ta ló ní kó kà á lẹ́ẹ̀mejì? Ìyá ẹ ló dá mi lóhùn láti yàrá, ó ní látìgbà tí ariwo ayùn ti ba etí mi jẹ́, ohunkóhun tọ́mọ yìí bá kà fún mi, ìbáà ṣe ara ìgò oògùn, ìbáà ṣe lẹ́tà tìẹ, màá ní ẹ̀n, tún un kà. Ọdún mẹ́ta gbáko. Ó ti mọ́ ọn lára. Ojú tì mí, ọmọ mi.

Wọ́n máa tún ìdánwò náà ṣe lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i. Mo bẹ̀ ẹ́, má wá ní Sátidé. Má wá ní Sátidé. Fi í sílẹ̀ kó ṣe é. Mo ti sọ fún un pé tó bá ti dé inú ìdánwò, kó gbà pé ayùn ìjọba kì í jẹ pákó. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Bí ọwọ́ ẹ bá dẹ̀, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n ní ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ etí. Tí mo bá rí i lò, màá lè máa gbọ́ nǹkan lẹ́ẹ̀kan.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ayọ̀ ẹ gùn, ohunkóhun ò ní í jẹ nínú ẹ̀.

Ọmọ ẹ náà ló bá mi kọ lẹ́tà yìí, bó ṣe máa ń kọ gbogbo wọn. Nígbà tó kà á sí mi létí tán ni mo gbọ́ pé ó kọ “má wá ní Sátidé” lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́. Ó ní òun mọ̀.

Èmi ni,
Bàbá ẹ