Lẹ́tà Sọ́jà Tó Wà Lọ́wọ́ Yín

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ara Màámi le, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Sọ́jà tó ṣọ́ Bàámi ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun kọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀yin lẹ gbé lẹ́tà náà pamọ́. Màámi mọ̀, àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́.

Ṣé ẹ rántí bí Bàámi ṣe yọ gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé, tí a máa ń kọrin nínú balùwẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà já wọlé? Ohùn yín ló burú jù! A ò mọ̀ pé ẹ̀rù àhámọ́ ni.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà fún Bàámi, wọ́n sunkún, wọ́n ní: "Ó nà mí, àmọ́ ọmọdé lòun náà. Mo ti dárí jì í. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ kí ọ̀kan nínú wa tó kú."

Àdírẹ́sì rẹ̀ wà nínú lẹ́tà yẹn. Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹ ya fọ́tò lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, kí n lè fi èsì Bàámi ránṣẹ́ sí sọ́jà náà.

Àbúrò yín