Ojú Ọmọ Kì Í Ṣe Ògiri

Ọmọ mi àkọ́bí,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí yàrá tí ò ń gbé àti ilẹ̀kùn rẹ̀ tí o sọ pé ó máa ń há. Ṣé dáadáa lo wà? Bí o bá wà dáadáa, ìdajì àdúrà wa ti gbà nìyẹn, ìdajì tó kù ni pé kí ilẹ̀kùn náà má há mọ́ ọ nínú. Àwa náà wà nílé, ara wa le. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló ní kí n kí ọ, kí o má bàa rò pé èmi ni mo rántí. Orúnkún mi ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀ kí o tó lọ ṣì wà níbi tó wà, àlejò nìkan la máa ń fún.

Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ yìí gùn ju owó tó wà lórí fóònù mi lọ, àti pé fóònù kì í jẹ́ kí àgbàlagbà parí ọ̀rọ̀. Ibi tó bá ti dùn jù ni obìnrin inú rẹ̀ á ti já lu ọ̀rọ̀ mi pé owó mi ti tán, mi ò sì mọ ẹni tó sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ ojú àbúrò rẹ ni. Fọkàn balẹ̀, ó ti dáa. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí àyà rẹ má bàa já nígbà tí o bá ka ìyókù. Rántí ọjọ́ tí o pè wá tí o ní o fẹ́ rí ojú rẹ̀ nínú fóònù, tí gbogbo ẹ̀ ṣú dùdù, tí o ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ni kò dáa, tí èmi náà sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Àtàǹpàkò àbúrò rẹ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà. Ó fi dí ojú fóònù.

O mọ̀ pé irorẹ́ ti wà lójú rẹ̀ kí o tó lọ, àmọ́ ẹyọ ẹyọ ni nígbà yẹn. Lẹ́yìn tí o lọ ni wọ́n wá pe ara wọn jọ. Àwọn kan pupa, àwọn kan funfun lórí, wọ́n tò láti iwájú orí títí dé àgbọ̀n bí àwọn tó ń dúró de ohun tí a fẹ́ pín. Ọmọ náà bá fi ìborùn ìyá rẹ wé gbogbo ojú, ẹyinjú méjì péré ló kù síta. Lọ́jọ́ kan mo bá a nídìí ẹ̀rọ omi, mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ó dá mi lóhùn pé bàbá, èmi ni.

Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ní ìmọ̀ràn lápò. Onígbàjámọ̀ ní kí ó fi ọṣẹ ìfọyín pa á, ó sì fi pa á, ojú rẹ̀ ń ta sánsán bí ẹnu, irorẹ́ ò kúrò. Àbúrò ìyá rẹ ní ẹ̀pà ló fà á, a gba ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀, inú ló bí i, irorẹ́ ò kúrò. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó fi fóònù ya ara rẹ̀ ní fọ́tò, mo yọjú wò ó, háà, ojú ń dán bí abọ́ tuntun! Inú mi dùn, mo ní kí ló dé tí a fi ń dààmú nígbà tí fóònù lè wò ó sàn ní ìṣẹ́jú kan, kí ó kàn máa yà á lọ títí yóò fi mọ́ ọn lójú. Mo tún ní kí ó bá mi ya ògiri ẹ̀yìnkùlé tó sán. Ó yà á, ó ṣì sán bó ṣe sán. Mo wá mọ̀ pé fóònù náà ń ṣe ojúsàájú.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà le ni ti Ìyá Oníbúrẹ́dì tó wà ní ìkángun títì wa. Ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun, èmi ló gbé iṣẹ́ ọ̀dà rẹ̀ fún. Ó ní ọjọ́ tí mo bá parí ọ̀dà ni òun máa ṣí i, àbúrò rẹ ni òun sì fẹ́ kó dúró nídìí káńtà, torí ó mọ ìṣirò, ó sì ní sùúrù. Àmọ́ ó ní òun ò lè gba ẹni tó wé ojú bí adigunjalè, ta ló máa wá ra búrẹ́dì lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ọmọ náà kò bá lè ṣí ojú rẹ̀ títí ṣọ́ọ̀bù á fi ṣí, ọmọ àbúrò ọkọ òun ń dúró. Àbúrò rẹ gbọ́, ó wọ yàrá lọ, ó ní kí wọ́n fún ọmọ àbúrò ọkọ wọn. Mo gbọ́ ọ tó ń sunkún. Ìyá rẹ náà gbọ́, a sì jókòó bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìgbà náà ni páálí tí o fi rán awakọ̀ dé, tí ìpara irorẹ́ wà nínú rẹ̀, èyí tí èèyàn máa ń tẹ̀ nídìí kó tó jáde lórí. O ṣeun tí o rántí ẹyọ ẹyọ ìgbà yẹn, ọmọ mi, ọ̀nà rẹ á là. Mo bá ìwé kan tí wọ́n ká sínú páálí náà, nígbà tí mo máa tẹ́ ẹ tán, ó tó aṣọ tábìlì. Mo jókòó, mo kà á. Wọ́n ní ìpara náà lè mú ojú gbẹ, ó lè mú un pọ́n, ó lè mú un bó. Ó yà mí lẹ́nu. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń ra ọ̀dà, kò sí agolo tó sọ fún mi rí pé òun lè bó. Ó kàn máa ń bó ni. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ẹni tó bá ka àléébù ara rẹ̀ fún ọ kí ẹ tó dọ́rẹ̀ẹ́, olóòótọ́ ni, ẹ jẹ́ ká gbà á.

Ibi tí èmi àti ìwé náà ti pínyà ni ibi tí wọ́n ti ní kí a fi díẹ̀ pa á, kó fẹ́lẹ́, ní ìrọ̀lẹ́, kí ọmọ sì sá fún oòrùn. Ọmọ mi, gbogbo oníbàárà tó bá ti ní kí n fi ọ̀dà díẹ̀ kun ilé òun, ahun ni. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́. A kọ́kọ́ máa ń ha ògiri, a máa kùn ún lẹ́ẹ̀kan, a máa kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, a sì máa jẹ́ kí oòrùn rí i kó lè gbẹ. Mi ò fi pépà ìhagiri ha ojú ọmọ mi o, mi ò ya wèrè. Kànrìnkàn ìyá rẹ ni mo lò. Mo ní kí ó bọ́ ojú rẹ̀ dáadáa, mo fi ìpara kùn ún, mo tún un kùn, kò sí àlàfo kankan, ó mọ́ níbi etí, ó mọ́ lábẹ́ àgbọ̀n. Mo ní kó jókòó síwájú ilé nínú oòrùn. Iṣẹ́ náà wù mí wò.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní ojú ń ta òun. Mo ní ó ń mú ni. Ó ní ó ń jó òun. Mo ní ó ń gbẹ ni. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, ó wú, ó sì ń bó bí ilé tí wọ́n kùn nínú òjò. Ìyá rẹ tún gbé ìrọ̀rí rẹ̀ jáde, aláwọ̀ aró tí o rà, ó ti di funfun tótòtó káàkiri, ó ní ta ló da kẹrosíìnì tí mo fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì sí i. Mo wo ìrọ̀rí, mo wo ọmọ. Mo jókòó sórí àga àlejò láìrántí, ó sì ṣe mí bó ṣe máa ń ṣe àlejò.

Láti ilẹ̀ ibẹ̀ ni mo ti dìde tí a fi gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn. Ó ṣí ìborùn, ó wò ó, ó ní ta ló ṣiṣẹ́ yìí. Mo ní èmi ni. Ó ní iṣẹ́ wo ni bàbá ń ṣe. Mo ní iṣẹ́ ọ̀dà. Ó ní òun ti fura. Ó ní ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ojú ọmọ kì í ṣe ògiri, ògiri kì í sunkún. Ó ní ojú náà kò bàjẹ́, ìpara ló pọ̀ jù, kànrìnkàn ló ha á, oòrùn ló wá parí rẹ̀. Ó ní kí a fi í sílẹ̀ kó sinmi ná, omi àti ọṣẹ tí kò le, ọwọ́ lásán, kò sí kànrìnkàn mọ́. Bí pípọ́n náà bá ti lọ, kí ó máa fi ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan pa gbogbo ojú ní alaalẹ́, kó kọ́kọ́ máa fo ọjọ́ kan ná kó lè mọ́ ọn lára, kó má tẹ irorẹ́ kankan, kó sì máa dé fìlà bó bá ń jáde lọ́sàn-án. Mo ní ẹyọ ẹ̀wà kan fún odidi ojú, àti ojú ìdílé tiwa tó fẹ̀ báyìí. Ó wo ojú mi, ó wo ti ọmọ, ó ní ẹyọ ẹ̀wà kan náà ni. Mo bi í pé ohun tó sọ ìrọ̀rí di funfun, ṣé kò ní sọ ọmọ mi di ẹfun. Ó ní aṣọ nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, kí n ra ìrọ̀rí funfun. Ó tún ní ó máa pẹ́, ó tiẹ̀ lè burú díẹ̀ kó tó dáa, ẹni tí kò bá ní sùúrù kó má bẹ̀rẹ̀.

Mo gbà. Mo ṣa ẹ̀wà kan tó mọ́ níwọ̀n, òun ni mo ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kó lè rí ìwọ̀n, títí ìyá rẹ fi sè é mọ́ ìyókù. Fìlà iṣẹ́ mi tó fẹ̀, tí gbogbo ọ̀dà tí mo ti kùn rí wà lórí rẹ̀, ni mo fún un, òun ló ń dé káàkiri.

Àmọ́ ọ̀dà ṣọ́ọ̀bù ti fẹ́ parí, ojú ọmọ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà mo kun ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí irorẹ́ tuntun yọ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe wí, tí ìyá rẹ ní kí a ju ìpara náà nù, mo ní rárá, ògiri tó bá ní omi nínú, omi náà gbọ́dọ̀ jáde ná, mo sì lọ kun òrùlé inú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rù ń bà mí o, àmọ́ orí àkàbà ni mo ti ń bẹ̀rù, ẹnikẹ́ni ò rí mi. Mo kun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo kun abẹ́ káńtà. Ìyá Oníbúrẹ́dì bi mí bóyá mò ń kun ilé ni àbí mò ń bọ́ ọ. Mo ní òjò ọdún yìí máa lágbára.

Bí a ṣe wà nìyẹn títí di ọjọ́ kan tí mo gbàgbé búrọ́ọ̀ṣì kékeré sílé. Mo wà lórí àkàbà, mo gbọ́ ẹnì kan tó ní bàbá, búrọ́ọ̀ṣì yín nìyí. Mo wolẹ̀. Àbúrò rẹ ni, fìlà mi wà lórí rẹ̀, kò sí ìborùn. Ó gbàgbé rẹ̀ sílé bí èmi náà ṣe gbàgbé búrọ́ọ̀ṣì. Ojú rẹ̀ ti tutù, ó mọ́, àpá díẹ̀ ló kù tó ń ṣá lọ, àti irorẹ́ kan ṣoṣo ní àgbọ̀n tó dà bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. A jọ ń gbé nínú ilé kan náà, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo ń wo ẹ̀wà, mi ò wo ojú. Ìyá Oníbúrẹ́dì jáde láti inú, ó wo ọmọ, ó wo èmi, ó ní ó yá, bàbá, ẹ fi ọ̀dà náà lẹ̀ báyìí, ó ti tó. Ó ní òun ti mọ̀ láti ìgbà tí mo ti ń kun abẹ́ káńtà, ta ló máa ń wo abẹ́ káńtà. Ó ní ọmọ àbúrò ọkọ òun kò tiẹ̀ mọ ìṣirò.

Àbúrò rẹ ti ń dúró nídìí káńtà báyìí. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, mo dúró lórí ìlà bíi gbogbo èèyàn. Ó ní ẹ káàárọ̀ sà, mélòó lẹ fẹ́, ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbangba, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo rà á, mo jáde, mo tún padà wọlé lọ rà á. Mo gba ẹ̀yìn lọ sílé, mo tún gba iwájú padà. Ìyá rẹ bú mi, àmọ́ mo bá a lórí ìlà lọ́jọ́ kejì.

Nítorí èyí ni mo ṣe ń bẹ̀ ọ́ fún owó díẹ̀, fún ìpara mìíràn, torí nọ́ọ̀sì ní kí ó má tíì dáwọ́ dúró, àti fún búrẹ́dì, torí a kò lè dẹ́kun rírà á. Jọ̀wọ́ fi rán awakọ̀. Owó tí o ní o fi sórí fóònù mi níjọ́sí, mo tú ẹ̀yìn fóònù náà, bátìrì nìkan ni mo bá.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ fún wa. Ibi tí o bá dúró sí, ojú kò ní tì ọ́, o kò ní fi ọwọ́ bo ojú níbi tí wọ́n bá ti ń pe orúkọ rẹ. Ilẹ̀kùn rẹ á ṣí, kò ní há.

Bí o bá sì ń bọ̀ nílé, mo bẹ̀ ọ́, má ra búrẹ́dì bọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.