Eérú Òjé Lórí Ilẹ̀ Ìyá Wa

                                        Agboolé Adébíyìí,
                                        Òkè-Ìlá,
                                        Adó-Èkìtì.
                                        7 Oṣù Kejìlá, 1936.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ rélùwéè, ẹ kú àárò ilé, ẹ sì kú ọyẹ́. Ṣé ara yín le? Ṣé ìyàwó wa ń gbádùn? Ikọ́ ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti fi í sílẹ̀? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí, àfi ìyá wa. Òun gan-an ló mú mi kọ̀wé yìí. Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á.

Ẹ rántí Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè, Bàbá Ìjọ wa, tó ni ọkọ̀ akẹ́rù. Lẹ́yìn tí ẹ lọ sí Èkó ló dá àgbẹ̀dẹ kan sílẹ̀ lẹ́bàá ọgbà ẹ̀fọ́ ìyá wa létí odò. Ibẹ̀ ló ti máa ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, tó ń yọ́ òjé inú rẹ̀ láti fi ṣe ọta fún àwọn ọdẹ Ìjàn àti Ìgbẹ́mọ. Eérú dúdú tó ń ṣẹ́ kù ńkọ́? Orí ebè ìyá wa ló máa ń ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dà á sí. Ó ní ajílẹ̀ òyìnbó ni, pé òun ń ṣàánú opó. Ìyá wa sì ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, obìnrin tó lè bí i lọ́mọ!

Lọ́dún yìí, ẹ̀wà kọ̀, kò dàgbà. Ewé rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Tẹ̀tẹ̀ nìkan ló ń dán, òun la sì ń jẹ. Bí inú rírun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í da ìyá wa láàmú nìyẹn. Nígbà tó yá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ láti ọrùn ọwọ́, kò lè di nǹkan mú mọ́. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

Tíṣà Adéyẹyè, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé níṣẹ́ oko, ló là mí lójú. Ó fa ẹ̀wà kan tu lóko tirẹ̀, ó fa òmíràn tu ní tiwa, ó tẹ́ wọn síwájú mi. Gbòǹgbò tirẹ̀ kún fún kókó róbótó-róbótó. Tiwa rí gbọọrọ bí okùn lásán. Ó fi èékánná fọ́ kókó kan, inú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

"Àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí ló ń gbé inú èyí," ó ní. "Àwọn ló ń wá oúnjẹ fún ẹ̀wà. Òjé inú eérú yẹn ti pa wọ́n lóko yín."

Mo bi í pé tẹ̀tẹ̀ tó ń dán ńkọ́. Ó wo ìyá wa níbi tó jókòó sí, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Tẹ̀tẹ̀ lè fara da òjé, ṣùgbọ́n ó ń fà á sínú ewé. Ẹ má jẹ ẹ́ mọ́."

Mo kọ́kọ́ rò pé bóyá Bámgbóyè ò mọ̀. Àmọ́ Àyọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi lọ́jà, láìmọ ohun tó wà lọ́kàn mi, pé láti èṣí ni ọkọ òun ti kìlọ̀ pé ẹ̀fọ́ ọgbà wa kò gbọdọ̀ wọ ilé òun. Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sínú. Mo ń dúró de ìkórè ìjọ.

Lọ́jọ́ ìkórè, tí gbogbo ìjọ ń jẹun níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé àwo tẹ̀tẹ̀ kan, epo ń dán lórí rẹ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú Bámgbóyè. Mo gbé ohùn sókè: "Bàbá Ìjọ, ajílẹ̀ yín ló so èso yìí. Ẹ bá wa tọ́ ọ wò."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti yó. Mo ní òkèlè kan péré. Òógùn bo ojú rẹ̀. Àlùfáà wa, ẹni jẹ́jẹ́, na ọwọ́ sí àwo náà pé òun á bá a jẹ ẹ́. Bámgbóyè gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù: "Ẹ má jẹ ẹ́ o!"

Àlùfáà ní, "Kí ló wà nínú rẹ̀?" Mo bá gbé ọwọ́ ìyá wa, tó jókòó nítòsí, sókè lójú gbogbo wọn, mo fi í sílẹ̀, ó já wálẹ̀ bí aṣọ tútù. Mo sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà síta.

Wọ́n ti gba oyè Bàbá Ìjọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kó àwọn àgbà wá bẹ̀ wá, mo kọ̀. Mo ní àfi kó fi orí ara rẹ̀ ru ilẹ̀ burúkú náà kúrò, lọ́sàn-án gangan, kí Òkè-Ìlá máa wò ó, kó lọ bò ó mọ́ kòtò nínú ilẹ̀ tirẹ̀. Ó rù ú. Mo gbé àpótí, mo jókòó, mo ń wò ó. Nígbà tó ṣubú tòun tagbọ̀n, ìyá wa bú sẹ́kún: "Adéfúnkẹ́, ó tó, jẹ́ ó lọ ulé." Mi ò dìde. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

Tíṣà ti bu ilẹ̀ tí ẹ̀wà ti ṣe dáadáa wá fún wa láti Ìgbẹ́mọ, pé àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ yẹn lè padà, ṣùgbọ́n yóò pẹ́. Ọwọ́ ìyá wa ò tíì gbéra. Èmi ni mo ń bọ́ ọ.

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa, ẹ gbé ọmọ jó díẹ̀ nítorí tèmi. Ìyá wa ní kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín. Mo gbọ́ pé Bámgbóyè ń wá àdírẹ́sì yín, pé ó fẹ́ kọ̀wé bẹ̀ yín kí ẹ bá òun pẹ̀tù sí mi nínú. Bí ìwé rẹ̀ bá dé, ẹ má dá a lóhùn. Mo fẹ́ kó máa retí.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀,
                                        Adéfúnkẹ́.