Ẹni Tó Lè Pè Mí Ní Àwẹ̀ró

Treichville, Abidjan,
Oṣù Kejì, ọdún 1978.

Sí ẹ̀gbọ́n mi àgbà, Ìyá Múfútáù,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀ kí yín. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n kúnlẹ̀ ní tòótọ́ mọ́, orí àpótí ni mo wà, ṣùgbọ́n ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣé ara yín le? Ṣé ojú ń ríran, ṣé etí ṣì ń gbọ́? Múfútáù àti àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Tèmi kò burú. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mo sì ń jí. Ẹni tó bá jí ní ọjọ́ orí wa, kó dúpẹ́. Ọlọ́run Ọba kó fi àlàáfíà bo ilé yín.

Àrìmíyàù ló ń bá mi kọ ìwé yìí, télọ̀ ọmọ ìlú wa tó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn tirẹ̀ bu iyọ̀ sí tèmi. Ẹni tó bá ń kà á fún yín náà, kó má fo ibì kankan.

Ìyá Saliou kú lẹ́yìn Iléyá. Ará Ọ̀yọ́ ni, ẹ kò mọ̀ ọ́n, àwa méjèèjì la jọ ń ta aṣọ ní ọjà Treichville láti ìgbà tí ọmú wa ṣì dúró. Ó jù mí lọ. Òun nìkan ló kù ní ìlú yìí tó ń pè mí ní Àwẹ̀ró. A sin ín, mo padà wá sílé, mo jókòó. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá wa ti lọ. Bàbá Taïrou, ọkọ mi, ti lọ. Ó ku ẹ̀yin nìkan, ẹ̀yin sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Kì í ṣe pé n kò ní orúkọ níbí. Àwọn ará ilé ń pè mí ní Ìyá. Taïrou ọmọ mi ń pè mí ní Maman. Àwọn Jùlá lọ́jà ń pè mí ní musokoroba, ìyá arúgbó nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Gbogbo rẹ̀ náà ni wọ́n lè fi pe arúgbó mìíràn.

Nígbà tí ìwé yín dé ṣáájú àwẹ̀, tí ẹ ní ẹ kò jáde kúrò nínú iyàrá mọ́, mo sọ fún Taïrou pé kó mú mi lọ sílé. Ó ní, “Maman, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín yìí? Ẹ mọ iye ibodè tó wà lójú ọ̀nà? Ẹ mọ bí àwọn sójà ṣe ń ṣe?” Lẹ́yìn tí Ìyá Saliou kú, mo tún sọ ọ́. Ó ní ká máa wò ó. Ọmọ dáadáa ni, ẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ báǹkì ti kọ́ ọ láti máa fi “ká máa wò ó” lé ènìyàn lọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ pe Àrìmíyàù nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba láti Dakar, Ouagadougou, Lomé, Cotonou àti Èkó ṣe àpérò ní Plateau, níbi tí àwọn ilé gíga wà. Ọ̀rọ̀ àwa arúgbó ni wọ́n bá wá: ta ni yóò máa tọ́jú wa, báwo ni àwọn ará àdúgbò ṣe lè pawọ́ pọ̀ ṣe é. Silifatou, ọmọ Taïrou tí mo tọ́, wà lára wọn, nítorí iṣẹ́ tí ìjọba gbà á sí nìyẹn. Ó ní wọ́n ń wá arúgbó kan tí yóò wá sọ tẹnu rẹ̀. Mo ní, “Ṣé arúgbó ló wọ́n ní Abidjan?” Ó ní, “Mémé,” ìyá àgbà nìyẹn lédè Faransé, “àwọn tó kù yóò máa dúpẹ́ ni. Ẹ̀yin, ẹ óò sọ̀rọ̀.”

Yàrá náà tutù bí ìgbà ọyẹ́. Gbogbo wọn fi nǹkan bo etí tí wọ́n fi ń gbọ́ èdè ara wọn. Wọ́n kọ́ páálí kékeré kan mọ́ mi láyà, wọ́n ní orúkọ mi ni. Mo bi Silifatou pé kí ni wọ́n kọ. Ó ní, “Madame veuve Salihou.” Ìyẹn ni opó Sàlíhù, Bàbá Taïrou. Orúkọ òkú ni wọ́n kọ́ mọ́ mi láyà, ẹ̀gbọ́n mi, mo sì gbé e jókòó.

N kò ní bú wọn. Obìnrin kan láti Lomé sọ bí àwọn ìyàwó ilé àdúgbò rẹ̀ ṣe ń fọ aṣọ àwọn arúgbó, ọ̀kan lónìí, òmíràn lọ́la. Ó dùn mọ́ mi. Ọkùnrin kan ní kí ìjọba kọ́ ilé tí àwọn arúgbó yóò jọ máa gbé. Wọ́n hó lé e lórí, wọ́n ní àwa adúláwọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi jókòó, mò ń rò ó pé bí ẹni tó jù mí lọ bá máa wà nínú ilé ọ̀hún, mo lè lọ.

Martine, obìnrin ilẹ̀ yìí tó ń darí àpérò náà, wá bi mí pé kí ni arúgbó ń fẹ́. Yorùbá Silifatou ń tiro, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ rẹ̀. Mo ní oúnjẹ wà, oògùn wà, ọmọ mi kò jẹ́ kí n sùn nínú òjò. Mo ní ẹni tí kò sí ni ẹni tó lè pè mí ní orúkọ tí ìyá mi ń pè mí. Mo ní ní ilẹ̀ wa, ọmọdé kì í pe àgbà ní oríkì rẹ̀. Ọkọ rẹ àti ẹni tó jù ọ́ lọ ló ni ín lẹ́nu. Bí wọ́n bá ti kú tán, orúkọ náà á kú, ìwọ á wá kù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ouagadougou nawọ́ sókè, ó ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀. Mo ní kí Silifatou sọ fún un pé ọmọ tó bá dán an wò, n ó gbá a létí. Òun gan-an ló rẹ́rìn-ín jù.

Nígbà náà ni bàbá kan dìde lẹ́yìn. Aboudou ni wọ́n ń pè é, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní Porto-Novo, ó sì gbọ́ èdè wa. Ó bi mí pé, “Nígbà tí àrùn lúkúlúkú ń pa ènìyàn kiri, báwo lo ṣe tó?” Mo ní mo ti ń ru omi. Ó ní, “Èmi ti ní ìyàwó. Mo jù ọ́ lọ. Kí ni oríkì rẹ?” Mo sọ ọ́. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó ké é: “Àwẹ̀ró!”

N kò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi létí. Mo fẹ́ jẹ́ ẹ, ọwọ́ mi ti lọ sí etí mi. Ó pè é dáadáa, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí mo ṣe. Nígbà tí ẹ̀yin bá pè é, ìjà ló máa ń tẹ̀ lé e. “Àwẹ̀ró, ta ló ní kó o fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná? Àwẹ̀ró, olórí kunkun, tètè jáde níbẹ̀!” Ẹ fi etí yìí fà mí láti ìdí ọlọ títí dé ẹnu ọ̀nà rí. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ọ̀sà lọ́sàn-án, tí ilé dákẹ́, etí ọ̀hún ni mo máa ń fọwọ́ kàn. Mo sọ fún bàbá náà pé mo dúpẹ́, ẹnu tirẹ̀ kọ́ ni mò ń wá, ti ẹ̀gbọ́n mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Kò bínú. Ó ní, “Nígbà tó o bá ń lọ bá ẹnu náà, ilé mi wà lójú ọ̀nà. Yà síbẹ̀ kó o sùn.”

N kò mọ̀ pé Taïrou ti dé láti ibi iṣẹ́ láti wá gbé wa, tó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. A wọ mọ́tò, a gun afárá. Ó wá ní, “Maman, Bàbá máa ń pè yín bẹ́ẹ̀ yẹn.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Mo rò pé èébú ni.” Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá Múfútáù nìkan ló wá kù?” Mo ní àwọn nìkan ni. Nígbà tó máa fi dé Treichville, ó ti ní òun á gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, òun á fúnra òun wa mọ́tò gbé mi wá bá yín.

A óò gbéra kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ní òpin oṣù Kẹta. A óò sùn ní Lomé, a óò sùn nílé Aboudou. Dókítà obìnrin kan láti Èkó ti sọ fún Taïrou bí yóò ṣe máa dúró kí n lè na ẹsẹ̀ mi. Taïrou ní lẹ́yìn oṣù kan òun á padà wá mú mi. Mo ní ká máa wò ó.

Silifatou gbọ́ ohun tí mo ní lọ́kàn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá sùn sórí ẹní mi, òun tó ti tó ilé ọkọ. N kò sọ fún un pé kó má sunkún. Àárò rẹ̀ yóò sọ mí lọ́dọ̀ yín bí àárò yín ti ń sọ mí níbí. Kò sí ibi tí n ó jókòó sí láyé tí kò ní sí ẹnì kan tí n ó máa wá. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ti mú ọ̀kan.

Nítorí náà, ẹ máa jẹun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé yín jáde sí oòrùn àárọ̀. Ẹ má tíì kú. Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí, yóò fún ohùn yín lágbára, yóò mú wa bá ara wa láyọ̀, kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi kọ̀ lọ́nà. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi ẹ̀yìn pọ̀n,
Mùkàrámà.

Mo tún rántí: Àrìmíyàù kò fẹ́ kọ “ẹ má tíì kú.” Ó ní ènìyàn kì í kọ irú rẹ̀ sí àgbà, pé yóò bí yín nínú. Mo ní kó kọ ọ́. Bó bá bí yín nínú lóòótọ́, ẹ má fi ìwé fèsì. Ẹ gbé ìbínú náà pamọ́ sẹ́nu dè mí. Mò ń bọ̀ wá gbọ́ ọ.